Ẹ Pè Mí Lẹ́ẹ̀kan

Kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní ọmọ burúkú, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ọmọ tó jẹ́ fún yín. Mo mọ ẹnu ayé. Tí ọ̀ràn bá ti ṣẹlẹ̀ tán, gbogbo wa la máa ń di ọlọ́gbọ́n. Obìnrin tí mò ń sọ yìí, òun ló gbé ìyá rẹ̀ sọ́dọ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jókòó sí ìlú mìíràn, tó ń fi ẹnu lásán tọ́jú màmá lórí fóònù. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀. Òun ló ń di ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tí kò fẹ́ gbé ara mọ́ mú, tó ń ká a, tó ń nà án, bí dókítà ṣe fi hàn án. Nítorí náà, ẹ má tíì nàka sí i. Bí ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ dúró kí ọ̀rọ̀ dé ibi tó ń lọ, inú á bí èmi náà níbẹ̀.

Alóre, ìyẹn olùṣọ́nà, ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, ẹ máa gbọ́ bó ṣe gba orúkọ náà. Ilé iṣẹ́ wọn ló ń bá àwọn ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn oníṣòwò ńlá tọ́jú àkọsílẹ̀: orúkọ aláìsàn àti oògùn tó ń lò, máàkì ọmọléèwé, ọjà tó wọlé àti èyí tó jáde. Inú àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n ń pè ní sáfà ni gbogbo rẹ̀ wà. Àwọn sáfà náà lé ní ẹgbẹ̀rún, wọ́n tò wọ́n sórí àtẹ irin láti ilẹ̀ dé àjà nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, wọ́n sì tún to àwọn yòókù sí irú yàrá bẹ́ẹ̀ ní òdìkejì ìlú. Ariwo fáànù ibẹ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Òtútù ibẹ̀ kì í sì í ṣe ti ọmọ aráyé, ẹni tó bá wọlé láìwọ kóòtù, ikọ́ ló máa fi ṣèfà jẹ.

Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, oníbàárà ló ń bá wọn ṣọ́ àwọn sáfà náà. Ẹ̀gàn ni mo fi sọ ọ́ o. Sáfà á kú, kò ní sí ẹni tó mọ̀, àfi tí oníbàárà bá pè tó ń bú wọn. Lọ́jọ́ kan, sáfà ilé ìwòsàn kan yó, ìyẹn ni pé àkọsílẹ̀ kún inú rẹ̀ dé ọrùn, kò lè gba ẹyọ ọ̀rọ̀ kan mọ́. Nọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn. Àwọn aláìsàn jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, wọ́n ń gba ara wọn níyànjú. Nígbà tí ìròyìn dé, ọ̀gá ilé iṣẹ́ kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ọkùnrin kúkúrú ni, ẹnu rẹ̀ ló gùn.

Ó ní, "N kò fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu oníbàárà mọ́ láé. Àwa ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ẹ̀yin, ojú tiyín dà?" Ó wá nawọ́ sí obìnrin wa yìí. "Ìwọ, wá ojú fún wọn. Gbogbo wọn o. Kò gbọdọ̀ ku ẹyọ kan."

Ẹ má rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Sọ́fúwíà tó ń ṣọ́nà yẹn ní olórí kan, tó jókòó sójú kan tó ń gba ìròyìn, tó ń yà á sára tẹlifíṣọ̀n ńlá tí wọ́n kàn mọ́ ògiri. Ó tún ní èyí kékeré tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi sínú sáfà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni obìnrin náà ń pe èyí kékeré. Iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ni kó máa wo ààyè tó kù nínú sáfà, kó wò ó bóyá iṣẹ́ ti ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn, kó wò ó bóyá èkejì rẹ̀ tó ń da ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ ní òdìkejì ìlú ṣì ń bá a rìn. Bí ohunkóhun bá yingin, kó sáré lọ sọ fún olórí. Tó bá jẹ́ sáfà kan ni, ọmọdé lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ! Àwọn kan ti gbó. Àwọn kan ń jẹ́ orúkọ kan náà bíi ìbejì tí òbí wọn ya ọ̀lẹ. Àwọn kan, aago inú wọn ti rọ́ sẹ́yìn, ìròyìn tí wọ́n mú wá lónìí á dà bíi tàná. Àwọn kan sì wà tí ẹni tó fi páásíwọ́ọ̀dù tì wọ́n ti fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́.

Ó kọ àṣẹ kan ṣoṣo tó máa wọ inú gbogbo wọn lọ, tó máa fi ọmọ ọ̀dọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rán an, ìlà kan lẹ́yìn ìlà kan, èyí tó bá kọ̀, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọlé lọ tún un ṣe. Ẹni tó bá a ṣe é ni ọkùnrin kan tó ń bójú tó okùn àti ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà láàárín àwọn sáfà. Agùnfọn ni wọ́n ń pe ìyẹn, torí pé àfi kó tẹrí ba kó tó lè wọ yàrá sáfà. Ọmọlúwàbí ni, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wo ilé.

Àjà kẹta ni wọ́n ń gbé. Yàrá méjì, ilé ìdáná tí èèyàn méjì kò lè dúró sí pọ̀, àti fèrèsé kan tó kọjú sí òrùlé ilé kejì. Ibi fèrèsé yẹn ni àga ìyá wà. Ìyá náà ti gbálẹ̀ nílé ìwòsàn títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì jókòó gbẹfẹ́ rí láyé rẹ̀, àfi ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé e ṣubú. Rọpárọsẹ̀ kékeré ni dókítà ní ó jẹ́. Ó ní ẹsẹ̀ òsì ló mú, ó ní ẹ dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n dókítà náà tún pe ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ó lè padà wá o. Tẹ́ ẹ bá rí i tí ẹnu wọn wọ́, tí ọwọ́ wọn ò gbéra, tí ọ̀rọ̀ wọn ń lọ́, ẹ má dúró wọ bàtà. Oògùn kan wà tá a lè fún wọn, àmọ́ tó bá ti pẹ́ díẹ̀, kò wúlò mọ́. Wéré ni kẹ́ ẹ gbé wọn wá."

Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ra fóònù onítẹ̀ ńlá fún ìyá, tó so ó mọ́ okùn, tó fi kọ́ ọ lọ́rùn. Ẹyọ bọ́tìnnì kan péré ni ìyá ní láti tẹ̀ mọ́lẹ̀, fóònù ọmọ á dún. Ọmọ náà tún bẹ aránṣọ tó wà nísàlẹ̀ ilé pé kó máa gòkè lọ gbé oúnjẹ ọ̀sán fún màmá. Ẹ rí i pé kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Ó ṣọ́ ìyá rẹ̀ bó ṣe ń ṣọ́ sáfà.

Àmọ́ ìyá fẹ́ràn bọ́tìnnì yẹn jù. Ó ń pè láti béèrè bóyá ọmọ ti jẹun. Ó ń pè láti sọ pé ẹyẹlé kan bà sójú fèrèsé, tó ń wo òun bíi pé òun ló ni ilé. Ó pè lọ́jọ́ kan, ọmọ sáré jáde láàárín àwọn òṣìṣẹ́.

"Mọ́mì! Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan. Mo ní kí n ṣáà gbọ́ ohùn ẹ ni."

Ní ibi iṣẹ́ náà, nǹkan kò yàtọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ aṣọ́nà, ẹ gbà mí o! Ìkìlọ̀ tú jáde. Sáfà kan ní inú òun fẹ́ kún. Òmíràn ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún òun. Òmíràn ní èkejì òun kò dáhùn, kí èèyàn tó ka ọ̀rọ̀ náà tán, èkejì rẹ̀ ti dáhùn. Fóònù obìnrin náà ń gbọ̀n lórí tábìlì títí ó fi rìn dé etí, tó já lulẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ kò nídìí, wàhálà tó kàn yọjú tó sì tán fúnra rẹ̀. Kò pẹ́ tí kò fi sí ẹni tó ń ka ìkìlọ̀ mọ́. Agùnfọn ki fóònù tirẹ̀ bọ inú dúrọ́ọ̀, ó tì í pa.

Ó ní, "Èmi ti di adití. Ẹni tó bá fẹ́ mi kó wá gbá mi lẹ́yìn."

Ni obìnrin náà bá ronú kan òfin kan. Ìkìlọ̀ tó bá wá lẹ́ẹ̀kan, kí olórí kọ ọ́ sílẹ̀, kó dákẹ́. Bí èyí kan náà bá tún wá lẹ́ẹ̀kejì, kó ké gbàjarè. "Ohun tó bá le, á tún un wí," ó ní. Wọ́n fi òfin náà sí i. Ariwo dúró. Wọ́n gbọ́ ohùn ara wọn nínú ọ́fíìsì, Agùnfọn ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú fóònù jáde. Inú obìnrin náà dùn dé orí. Ó sọ fún mi pé ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ yẹn dùn mọ́ òun ju owó oṣù lọ.

Ọjọ́ kan wá dé tí ọ̀gá mú àwọn oníbàárà wọ inú ìpàdé, tí obìnrin náà ń ṣàlàyé bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Fóònù rẹ̀ dún. Ó pa á. Ó tún dún. Ó tún pa á. Ó tún dún. Ojú gbogbo wọn wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé sáfà ni, àbí màmá?"

Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì í débi pé ó gbàgbé ọ̀rọ̀ tó kàn. Bó ṣe délé nírọ̀lẹ́, kò tíì bọ́ bàtà tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ gan-an tẹ́ ẹ fi ń pè mí lápètúnpè?"

"Mo fẹ́ bi ẹ́ ibi tó o fi ìgò oyin sí ni."

"Oyin! Nítorí oyin ni wọ́n ṣe fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àlejò?"

"O ò gbé e ni mo ṣe tún un pè. Nígbà tó o ò gbé e, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́."

"Mọ́mì, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ pè mí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Tí n ò bá gbé e, ẹ fi sílẹ̀, màá pè yín padà. Ẹ má tún un pè!"

Ẹyin lọ̀rọ̀. Ìyá fi ọwọ́ pa okùn fóònù ọrùn rẹ̀, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kò bínú. Ì bá sàn ká ní ó bínú.

"Ẹ̀ẹ̀kan," ó ní. "Ó dáa. Èmi náà ṣiṣẹ́ rí, mo mọ bí ọ̀gá ṣe ń rí. Ẹ̀ẹ̀kan ni."

Ó sì pa á mọ́. Obìnrin tó jẹ́ pé tó bá sọ pé òun máa gbálẹ̀, á gba abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa sọ̀rọ̀ tán tó máa yẹ̀ ẹ́? Láti ọjọ́ yẹn, tó bá ti pè lẹ́ẹ̀kan tí ọmọ kò gbé e, á gbé ọwọ́ lé itan, á máa wo òrùlé. Ọmọ á sì pè é padà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Mo ní kó sọ òtítọ́ fún mi, ó ní òun máa ń pè é padà. Mo gbà á gbọ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni Agùnfọn tọ̀ ọ́ wá. Ó ní àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ń rojọ́ jù. Bí sáfà kan bá ní ìṣòro, kò ní yéé wí i, ọ̀rọ̀ wọn sì ń dí ọ̀nà mọ́ iṣẹ́ gidi. Ó ní òun fẹ́ kọ ọ́ fún wọn pé kí kálukú wí ìṣòro rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó gbẹ́nu dákẹ́. Obìnrin náà ń pe ìyá rẹ̀ padà lọ́wọ́ nígbà náà. Ó mi orí sí i pé ó dáa. Ó dáa lóòótọ́, kò sí ohun tó burú nínú ohun tí Agùnfọn sọ, bí kò ṣe sí ohun tó burú nínú èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe tẹ́lẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n fi iṣẹ́ lé ọ̀gá lọ́wọ́, wọ́n dán an wò. Wọ́n mú sáfà kan tí kò ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n ń rọ àkọsílẹ̀ yẹpẹrẹ sínú rẹ̀ títí ó fi kún, títí ó fi kú. Wọ́n gbójú sókè wo ara ògiri. Àwọ̀ ewé ni gbogbo rẹ̀, bíi pé àlàáfíà ló wà. Wọ́n wo fóònù, fóònù dákẹ́. Wọ́n wo ara wọn.

Obìnrin náà kò jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti inú òkú sáfà náà, ó ń tọ ipa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ olórí. Nígbà tó rí i, ó bú sẹ́rìn-ín, omi jáde lójú rẹ̀.

"Agùnfọn, wá wo ìwà ọ̀daràn tí èmi pẹ̀lú ẹ hù! Ìwọ sọ fún wọn pé wọn ò gbọdọ̀ ké ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èmi sọ fún olórí pé kó má dáhùn àfi tí wọ́n bá ké lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tá a ní kó ké lẹ́ẹ̀kan, tá ò sì ní dá lóhùn àfi tó bá ké lẹ́ẹ̀mejì, báwo la ṣe fẹ́ gbọ́ ọ? Wọn ì bá kú tán lójú wa, àwa á máa wo àwọ̀ ewé!"

Agùnfọn di orí mú. "Yéè! Orí ẹ pé."

Ọ̀gá gbọ́ ẹ̀rín wọn, ó yọjú. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un, ó na ọwọ́ sí obìnrin náà, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Alóre gidi ni ọ́," ó ní, orúkọ sì lẹ̀ mọ́ ọn láti ọjọ́ náà. Kí Alóre tó kúrò lórí àga rẹ̀, ó ti kọ àṣẹ mìíràn, ó ti rán an sí gbogbo sáfà pátá, pé ẹni tó bá wà nínú wàhálà kó máa wí i lọ títí wọn yóò fi dá a lóhùn. Wọ́n tún dán an wò. Fóònù ké.

Ọjọ́ tí wọ́n máa fi iṣẹ́ náà han àwọn oníbàárà pé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Alóre wẹ ìyá rẹ̀, ó gbé e jókòó sójú fèrèsé, ó fi okùn fóònù kọ́ ọ lọ́rùn.

Ìyá ní, "Ẹsẹ̀ yìí wúwo lónìí."

"Ẹ máa nà án bí mo ṣe ń ṣe é, Mọ́mì. Lónìí ni wọ́n ń wo iṣẹ́ mi. Ẹ bá mi gbàdúrà."

"Mo ti gbà á kó o tó jí. Máa lọ."

Nínú ọkọ̀, ó mú fóònù rẹ̀ jáde. Ó rántí ẹ̀rín àwọn àlejò ọjọ́sí. Kò fẹ́ kí fóònù dún, kò sì fẹ́ pa á, torí ìyá. Fóònù náà ní ètò kan nínú: kó gbé gbogbo ìpè mì, kó má dún rárá, àfi bí ẹnì kan náà bá pè lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó rí i. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, ohun tó bá le, á tún un pè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ ti rí i. Èmi náà rí i. Agùnfọn ì bá rí i ká ní ó sọ fún un. Òun tó fi odidi ọ̀sán wá irú àṣìṣe yẹn gan-an rí láàárín ẹgbẹ̀rún sáfà, òun kò rí i. Kò sí bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ibi tí inú ti bí mi rèé. Inú bí mi sí òfin, inú bí mi sí fóònù, inú bí mi sí ọ̀gá tó ń fi màmá olómàmá ṣẹ̀fẹ̀. Tí mo bá wo ojú obìnrin náà fúnra rẹ̀, n kì í rí ìbínú kankan tì sí i.

Iṣẹ́ náà dùn ún wò, kí n má purọ́. Àwọn oníbàárà jókòó, ó fi ara ògiri hàn wọ́n, àpótí kéékèèké ẹgbẹ̀rún, àwọ̀ ewé látòkè délẹ̀. Wọ́n ní kó mú ọ̀kan ṣàìsàn kí àwọn rí i. Ó mú un, àpótí náà pọ́n, fóònù Agùnfọn ké, wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan tó wá láti ilé ìwòsàn tí sáfà wọn kú nígbà yẹn dìde, ó dì mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó sídìí oúnjẹ. Fóònù Alóre wà lórí tábìlì, ó da ojú rẹ̀ bolẹ̀.

Fóònù náà dún. Gbogbo yàrá ti dákẹ́, ọ̀gá ni ó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ṣé sáfà ni, àbí màmá?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Alóre yí fóònù sókè. Orúkọ aránṣọ ló wà níbẹ̀. Aránṣọ pè lẹ́ẹ̀kan, kò dún, ó tún un pè lójú ẹsẹ̀, ó dún. Kò sí ẹni tó kìlọ̀ fún aránṣọ pé kó má pè lẹ́ẹ̀mejì.

"Àǹtí, ẹ máa bọ̀ o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀! Mo gbé oúnjẹ lọ fún Mọ́mì, ilẹ̀ ni mo ti bá wọn. Ẹnu wọn ti wọ́. Mo ti ní kí wọ́n bá mi wá ọkọ̀."

Ó dìde. Ó fẹ́ wo aago ojú fóònù ni ojú rẹ̀ fi bọ́ sí ìlà tó wà nísàlẹ̀ orúkọ aránṣọ. Mọ́mì. Ìpè kan. Ó ti wọlé láti ìgbà tó ń to àga fún àwọn àlejò. Ó jáde. Agùnfọn tó sáré tẹ̀ lé e sọ pé ó ń rìn lọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wí i lábẹ́lẹ̀ pé, "Báwo la ṣe fẹ́ gbọ́ ọ? Báwo la ṣe fẹ́ gbọ́ ọ?" Agùnfọn rò pé ọ̀rọ̀ sáfà ló ń sọ. Ó ṣe díẹ̀ kó tó yé e, ó wá fi ara ti ògiri.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Kò lè sọ ọ́, ó na fóònù sí i. Dókítà wò ó, ó wo aago ara ògiri, ó fún un ní fóònù rẹ̀ padà.

"Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n pè yẹn lẹ ti gbé wọn wá..." Ó wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "A máa gbìyànjú, Màdáámù."

Wọ́n gbìyànjú. Ìyá kò kú. Ọwọ́ òsì ti bá ẹsẹ̀ òsì lọ, ohùn sì ti lọ pátápátá. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin pè láti ìlú rẹ̀, ó ń pariwo, "Kí lò ń ṣe tí Mọ́mì fi wà nílẹ̀? Ṣebí o ní ò ń tọ́jú wọn?" Alóre gbé fóònù sétí, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. 

Aránṣọ ló sọ èyí tó kù. Kò fẹ́ sọ ọ́, Alóre ló fi dandan lé e lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn. Ó ní nígbà tí òun wọlé, ojú ìyá ṣì là sílẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì, kò tẹ̀ ẹ́. Òun kígbe pé, "Mọ́mì, ẹ ò pè wọ́n ni?" Ìyá mi orí. Ahọ́n rẹ̀ ti wúwo, ó jà títí ọ̀rọ̀ kan fi jáde.

"Kí ni wọ́n sọ?"

Aránṣọ ń wo ilẹ̀. "Wọ́n ní, 'Ẹ̀ẹ̀kan.'"

Ọ̀rọ̀ tí ìyá sọ gbẹ̀yìn nìyẹn. Alóre kò sunkún. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí nọ́ọ̀sì fi wá béèrè bóyá ara rẹ̀ dá.

Ó ti padà síbi iṣẹ́, torí kí ló fẹ́ ṣe, oògùn ń jẹ owó. Ara ògiri ṣì wà ní àwọ̀ ewé. Ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́, oníṣòwò, kò sí ẹni tó tún pè láti bú wọn mọ́. Ọ̀gá gbé ipò rẹ̀ ga, kò sì ṣẹ̀fẹ̀ màmá mọ́. Alóre ti yọ ètò yẹn kúrò nínú fóònù rẹ̀. Ó máa ń gbé e ka iwájú, kó dojú sókè, kó máa dún bó ṣe fẹ́, nínú ìpàdé, níwájú àlejò. Ẹnikẹ́ni kì í rẹ́rìn-ín. Nílé, okùn fóònù ṣì wà lọ́rùn ìyá, bọ́tìnnì ńlá yẹn ṣì wà lábẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ṣì dá. Ìyá kì í tẹ̀ ẹ́. Dókítà ní bóyá kò rántí ohun tó wà fún mọ́. Alóre kò gbà bẹ́ẹ̀, kò sì sọ ohun tóun gbà.

Ní báyìí, òun ló ń pe ilé. Ó ti bá aránṣọ sọ ọ́, aránṣọ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ gòkè wá sínú yàrá ìyá, ibẹ̀ ló ti ń ránṣọ. Tí fóònù bá dún, aránṣọ á gbé e sétí ìyá.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ti jẹun? Ẹyẹlé yẹn wá lónìí?"

Èémí nìkan ló máa ń gbọ́, kò sí ohun mìíràn. Á dúró tì í díẹ̀, á pa á. Tó bá tún ṣe díẹ̀, á tún pè. Lánàá yìí, aránṣọ fi pẹ̀lẹ́tù bá a sọ̀rọ̀, torí ó ń rẹ ìyá.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó lóòjọ́."

"Má sọ bẹ́ẹ̀ fún mi," Alóre ní. Ó pa fóònù náà, ó wò ó díẹ̀, ó tún pè.